Ìlà Iná Tó Ti Òkun Wá Sí Ẹ̀gbẹ́ Odò Wa

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Albert sọ̀ kalẹ̀ láti orí Odò Ọya, aláìsàn ló kún inú rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wá dá oko sílẹ̀ níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, nítòsí ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí, ni ibà ti dá dùbúlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wà nínú ìrìn-àjò yẹn. Ibi tí wọ́n forí lé kí ara lè mókun ni erékùṣù Fernando Po, èyí tí à ń pè ní Bioko báyìí. Orí òkè oníná ni wọ́n lọ sinmi lé. Erékùṣù náà látòkè délẹ̀, iná abẹ́ ilẹ̀ ló mọ ọ́n.

Jíọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama ní Obajana, ọmọ Òwórò sì ni mí. Nígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ òkè oníná, ìwé á kó wa lọ sí Vesuvius ní Ítálì, á kó wa lọ sí Fuji ní Japan, á fi Krakatau kún un. Ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, á sì gbàgbé rẹ̀, torí ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ó máa ń dùn mí. Iná tí ilẹ̀ ń pọ̀ jáde ń bẹ nítòsí wa, nínú òkun tó kan Calabar lẹ́sẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tó lè gbà dé ọ̀dọ̀ wa tí ará Lọ́kọ́ja kì í fura sí.

Ará Obajana kì í ṣe àjèjì sí iná àti òkúta. Nínú ààrò gbọọrọ tó ń yí bíríbírí nílé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote, níbi tí wọ́n ti ń sun òkúta ẹfun, ooru ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àpáta yíyọ́ tí Òkè Kamẹrúùnù ń pọ̀ jáde kì í sábà ju 1,200 lọ. Iná tí ọmọ ènìyàn ń dá ládùúgbò wa tọ̀sán tòru ló gbóná jù. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n iná ti ààrò, ẹni tó tàn án lè pa á. Ti inú ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àpáta gbóná débi pé ó yẹ kó ti yọ́, àmọ́ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò rí ààyè yọ́. Níbi tí àpáta gbígbóná yẹn bá ti rí ọ̀nà gòkè tí ẹrù orí rẹ̀ sì dín kù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ́, á fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, á wá ihò gbà jáde. Bí ó bá jáde lórí ilẹ̀, òkè ni yóò mọ. Bí ó bá jáde nísàlẹ̀ òkun, ó lè mọ òkè títí tí orí òkè náà á fi yọ lójú omi, a ó sì máa pè é ní erékùṣù.

Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, kí ẹ wo inú òkun níbi tí etíkun Nàìjíríà ti pàdé ti Kamẹrúùnù. Ẹ ó rí erékùṣù mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn: Annobón, São Tomé, Príncipe, Bioko. Ẹ tẹ̀lé ìlà yẹn wọ orí ilẹ̀, ẹ ó bá Òkè Kamẹrúùnù, ẹ ó bá Manengouba, Bamboutos àti Òkè Oku, kí ẹ tó wọ Nàìjíríà ní Mambilla àti ní Biu ní ìpínlẹ̀ Borno. Gígùn ìlà náà tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà. Cameroon Line ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é. Ìlà iná ni èmi ń pè é fún àwọn ọmọ.

Annobón ló wà ní ìparí ìlà náà nínú òkun, òun ló sì máa ń gbà mí lọ́kàn jù. Gígùn rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà mẹ́fà ààbọ̀ lọ, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea ló ni ín, bẹ́ẹ̀ ó jìnnà sí Bioko, tó jẹ́ tiwọn náà, débi pé São Tomé, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, wà láàárín wọn. Adágún omi kan wà ní apá àríwá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lago A Pot. Ẹnu òkè oníná àtijọ́ ni omi náà gún sí. Ibi tó ga jù níbẹ̀, Quioveo, kò ju 598 mítà lọ, àmọ́ ohun tí ojú rí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ òkun tó jìn ju 3,000 mítà lọ ni òkè náà ti gbéra. Téńté orí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kọ́ ilé sí, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń pẹja. Iná inú rẹ̀ kò tíì bú láti ìgbà tí ẹ̀dá ti ń kọ ìtàn sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn ará Annobón kọ̀wé sí ìjọba wọn nítorí ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta lórí erékùṣù náà. Wọ́n ní ó ń sán ògiri ilé àwọn, ó sì ń ba oko àwọn jẹ́. Ìjọba kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí àtìmọ́lé, wọ́n sì gé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo erékùṣù náà. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ohun abúgbàù la àpáta ni mo ń gbé, mo mọ ìró ọ̀hún, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí wọn kò dára.

São Tomé àti Príncipe jọ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan. Ní São Tomé, àpáta dúdú kan tó ń jẹ́ Pico Cão Grande yọ gàgàrà láàárín igbó, ó ga ju 300 mítà lọ. Inú ọ̀fun òkè oníná ni àpáta náà ti dì. Òjò fọ ara òkè náà lọ tán, ohun tó dì sí ọ̀fun nìkan ló kù. Ní Príncipe, Arthur Eddington ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dúró síbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, tó ya àwòrán ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, tí àwòrán náà sì gbè ọ̀rọ̀ Albert Einstein lẹ́yìn pé oòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀.

Bioko ló tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló sì sún mọ́ wa jù. Òkè oníná ńlá mẹ́ta ló so pọ̀ tó di ilẹ̀ kan. Èyí tó ga jù, Pico Basilé, ga tó nǹkan bí 3,000 mítà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì pọ iná kẹ́yìn ní ọdún 1923. Ọjọ́ orí ènìyàn kan tó pẹ́ láyé ni ìyẹn. Lójú òkè, àná ni. Ebúté Malabo, níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, etí ẹnu òkè oníná tí òkun ti wọ̀ ni. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ẹni tó dúró sí Malabo á rí Òkè Kamẹrúùnù lódìkejì omi. Kò jìn rárá. Ní ayé ìgbà tí yìnyín bo apá òkè ayé, tí omi òkun fà sẹ́yìn, Bioko kì í tilẹ̀ ṣe erékùṣù, ó so mọ́ ilẹ̀ Kamẹrúùnù.

Ilẹ̀ tí iná bá bí, tí òjò sì rọ̀ sí fún ìgbà pípẹ́, a máa lọ́ràá gidigidi. Láti Fernando Po ni irúgbìn kòkó ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní ọdún 1874, nígbà tí Squiss Bamego gbé e wá gbìn ní agbègbè Bonny. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi owó kòkó rán lọ síléèwé ní Oǹdó tàbí ní Iléṣà, kó mọ̀ pé ọwọ́ òkè oníná wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, pàápàá láti apá ìlà oòrùn gúúsù, ṣe lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ibẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1942 láàárín ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì tó ń ṣàkóso ibẹ̀, kí ìyà tó pọ̀ jù lábẹ́ ìjọba Macías Nguema, ààrẹ Equatorial Guinea nígbà náà, tí Nàìjíríà fi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wálé láàárín 1975 sí 1976.

Ohun kan wà nípa ìlà iná yìí tó ń yọ àwọn onímọ̀ lẹ́nu títí di òní. Ní Hawaii, àwọn erékùṣù tò lọ bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí: èyí tó wà lórí iná lọ́wọ́ ló kéré jù lọ́jọ́ orí, èyí tó jìnnà jù ló dàgbà jù, torí pé awọ ilẹ̀ ń sún kọjá lórí orísun ooru kan ṣoṣo. Nínú òkun tiwa, àpáta tó dàgbà jù ní Annobón tó bíi mílíọ̀nù ọdún márùn-ún, ti São Tomé lé ní mílíọ̀nù 13, ti Príncipe jẹ́ bíi mílíọ̀nù 31. Ó jọ pé ìṣirò náà bọ́ sí i. Ẹ wá dé Bioko, ẹ bá mílíọ̀nù ọdún kan péré. Ẹ dé Òkè Kamẹrúùnù, iná ṣì ń jáde. Ìṣirò bàjẹ́.

Ní ọdún 1980, Godfrey Fitton, onímọ̀ òkúta ti Yunifásítì Edinburgh, gbé àbá kan jáde tó kan àwa tí a ń mu omi Bẹ́núé. Nígbà tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ń ya kúrò lára ara wọn, ní nǹkan tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 100 sẹ́yìn, ilẹ̀ tún gbìyànjú láti là sí méjì ní ọ̀nà tí Odò Bẹ́núé ń gbà lónìí. Kò là tán. Ó rì, òkun wọ inú rẹ̀, erùpẹ̀ àti ẹfun dí i pa. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì ní Gboko, ara ohun tí òkun yẹn fi sílẹ̀ ni. Fitton wò ó pé bí ìlà iná Kamẹrúùnù ṣe yà sí ẹ̀ka méjì lókè bá bí àfonífojì Bẹ́núé ṣe yà mu, bí ẹni gbé ọ̀kan lé orí èkejì. Èrò tirẹ̀ ni pé ooru tí ìbá jáde lábẹ́ Bẹ́núé ló jáde ní Kamẹrúùnù, nítorí pé awọ ilẹ̀ Áfíríkà yí kúrò lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà fún un. Wọ́n ní etí ilẹ̀ àtijọ́ Congo tó nípọn ló ń mú kí àpáta gbígbóná máa gòkè lẹ́bàá rẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Èmi a máa ka èyí tó bá jáde nínú rẹ̀, torí ó ń sọ ìdí tí omi méjì fi pàdé ní Lọ́kọ́ja.

Àwọn ọmọ máa ń béèrè pé, “Sà, ṣé òkúta Obajana náà, iná ló bí i?” Rárá. Òkúta méjì ni mo máa ń gbé sórí tábìlì. Ọ̀kan funfun, ti Obajana níbí. Bí oòrùn bá kàn án, ara rẹ̀ á máa dán yẹ́ríyẹ́rí. Èkejì dúdú, ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ káàkiri. Ọmọ kan tó ti ṣe ilé ẹ̀kọ́ wa rí ló mú un wá láti Limbe lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù. Mo máa ń ní kí ọmọ kan fi ìṣó họ ti funfun títí ìyẹ̀fun díẹ̀ á fi jáde, kó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò hó, tí ìfófó wẹ́wẹ́ á máa bẹ́. Wọn á ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti dúdú, kò ní hó. Ìsàlẹ̀ òkun kan tó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́ ni òkúta funfun náà ti wá, ó dàgbà ju òkun Bẹ́núé lọ fíìfíì. Ilẹ̀ bò ó, ooru àti ẹrù tẹ̀ ẹ́, ó yí padà, ó ti ju mílíọ̀nù ọdún 500 lọ. Ihò ara òkúta dúdú ní tirẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti jáde nígbà tí ó ṣì ń ṣàn ni. Kí ẹ fi afẹ́fẹ́ tó hó jáde lára òkúta funfun yẹn sọ́kàn, torí mo ń bọ̀ wá bá a.

Kí n tó dé ibẹ̀: Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja kì í ṣe òkè oníná, òkúta iyanrìn ni, irin ló bo orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó mì ní Mpape ní Àbújá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 kì í ṣe iná. Ojú àpáta àtijọ́ tó ti sán tẹ́lẹ̀ ló sún.

Òkè Kamẹrúùnù lé ní 4,000 mítà, kò sì jọ pé ó fẹ́ sinmi. Ó bú ní 1909, 1922, 1954, 1959, 1982, 1999, 2000 àti 2012. Nígbà ti 1922, abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà ni apá ibẹ̀ wà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1961. Ẹ̀yin òbí wa tó kàwé láyé ìgbà náà, òkè oníná wà nínú ìwé ìṣàkóso orílẹ̀-èdè yín. Ní 1999, àpáta yíyọ́ ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ ní Bakingili, ó gé títì tó lọ láti Limbe sí Idenau, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ òkun kó tó dúró.

Síbẹ̀, iná kọ́ ló pa ènìyàn jù lórí ìlà yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Kamẹrúùnù, adágún omi Nyos pọ afẹ́fẹ́ jáde. Ẹnu òkè oníná àtijọ́ ni adágún náà wà, ó jìn ju 200 mítà lọ. Láti abẹ́ ilẹ̀ ni carbon dioxide ti ń yọ́ wọ ìsàlẹ̀ omi náà láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹrù omi sì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Nígbà tí nǹkan da ìsàlẹ̀ rẹ̀ rú, ó tú jáde bí ìgbà tí ènìyàn bá mi ìgò mínírà kó tó ṣí i. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, kò gòkè, ńṣe ló ṣàn gba àfonífojì lọ sí Nyos, Cha àti Subum, ó dé ibi tó jìn tó kìlómítà 25. Ó ju 1,700 ènìyàn lọ tó kú, ọ̀pọ̀ lórí ibùsùn wọn, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù. Ní ọdún méjì ṣáájú, adágún Monoun ti pa ènìyàn 37 bákan náà. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń hó lára òkúta funfun orí tábìlì mi, òun náà ló ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń sun òkúta ẹfun nínú ààrò. Ní gbangba, atẹ́gùn á tú u ká. Nínú àfonífojì lóru, ó ń pani.

Láti 2001 ni wọ́n ti ri páìpù sínú Nyos tó ń fa omi ìsàlẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ohun tó kan Lọ́kọ́ja ni odi. Òkúta aláìlágbára tí iná kó jọ ló sé omi Nyos mọ́, àwọn onímọ̀ sì kìlọ̀ pé ó lè wó. Bí ó bá wó, omi á gba Odò Katsina-Ala wọ Nàìjíríà, á bọ́ sínú Bẹ́núé. Wọ́n ti fi símẹ́ǹtì kún odi náà kó lè le sí i, Nàìjíríà sì ti kọ́ dáàmù sí Kashimbila ní ìpínlẹ̀ Taraba, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007, nítorí kí ó lè gba omi Nyos dúró bí ó bá dé. Ará Lọ́kọ́ja tó kó ẹrù rẹ̀ sórí àjà nítorí omíyalé ní 2012, tó tún kó o ní 2022, kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un ohun tí omi tó ti Kamẹrúùnù wá lè ṣe.

Ìmọ̀ ń gba ẹ̀mí là. Ní Fogo, erékùṣù oníná kan ní Cape Verde tí òkè rẹ̀ ga 2,829 mítà, iná bú ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2014, kò sì dáwọ́ dúró títí di oṣù kejì ọdún 2015. Àpáta yíyọ́ gbé abúlé Portela àti Bangaeira mì, ilé, ilé ẹ̀kọ́, oko àjàrà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó sá kúrò. Kò sí ẹni tó kú, torí pé wọ́n ti ń ṣọ́ òkè náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn kúrò lásìkò. Orílẹ̀-èdè kékeré ni Cape Verde, kò lówó tó wa.

Nàìjíríà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Mo bẹ ìjọba kí wọ́n fún un ní owó àti irin iṣẹ́ tó péye, kí wọ́n má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú dáàmù Kashimbila, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìròyìn Nyos máa dé etí ará Makurdi àti Lọ́kọ́ja ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní òkè oníná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Bioko. Vesuvius lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.